Ìgúnpá Ni Kí Ẹ Sín Sí

Àtẹ́lẹwọ́ ni ọ̀pọ̀ wa fi ń bo ẹnu tí a bá fẹ́ sín nínú dánfó. Ìwà ọmọlúàbí ni lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ yẹn náà la fi ń san owó ọkọ̀, òun la fi ń di irin ìjókòó mú, òun la fi ń bọ èèyàn lọ́wọ́. Bí kòkòrò ọ̀fìnkìn ṣe ń ràn nìyẹn. Ní 2020, nígbà Kòrónà, rédíò kọ́ wa pé kí á ká apá kò, kí á sín sí ìgúnpá. Ó dùn mí pé a ti ń gbàgbé. Ìgúnpá kì í kan owó, kì í kan oúnjẹ. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ.