Àpótí tí wọn kò ṣí fún bàbá, ọmọ rẹ̀ ti ṣí i ní Ìlóbì

Igbe tí baálé ilé kan ké ní Ìlóbì, lágbègbè Ìlaròó, nírọ̀lẹ́ Sátidé kan, ejò làwọn ará ilé kọ́kọ́ rò pé ó rí. Ẹni tó mú kùmọ̀ mú kùmọ̀, ẹni tó mú àdá mú àdá. Àṣé kì í ṣe ejò o. Rédíò tí baba náà fi ń gbọ́ ìròyìn Abẹ́òkúta láràárọ̀ ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti tú palẹ̀, tó to ìfun ẹ̀ sórí ẹní bíi ti adìyẹ ọdún. Wọ́n bi í pé kí ló ń wá nínú rédíò onírédíò, ó ní iná pupa bíńtín tó máa ń tàn níwájú ẹ̀ lòun fẹ́ yọ.

Ẹgba ló kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ baba náà dáadáa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ju ti rédíò lọ. Rédíò títúnṣe ni iṣẹ́ tó fi ń jẹun, ojú ẹ̀ ni iṣẹ́ náà sì ṣe ń kú lọ. Látìgbà tí fóònù ti dé, ó lè ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ kó má rí ẹnì kan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ti wá búra pé kò sí ọmọ òun kan tó máa jókòó ti ayọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó òjé. Ìwé ni kí wọ́n kà.

Ọgbẹ́ kan tún wà nínú ẹ̀ tí kì í sọ. Ọdún 1982 nìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4, tí wọ́n ní kí ọmọ tó bá wọ girama kọ́ Introductory Technology, kí ọwọ́ ẹ̀ lè mọ iṣẹ́. Wọ́n ra ẹ̀rọ wá látòkè òkun, wọ́n pín in káàkiri. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé tí kò níná, tí kò ní yàrá tí wọ́n máa to ẹ̀rọ sí, tí kò sì ní tíṣà tó mọ̀ ọ́n lò, kí ló fẹ́ ṣe? Lọ́pọ̀ ibi, inú àpótí tí wọ́n bá wá ni wọ́n wà tí ìpẹtà fi jẹ wọ́n. Ọdún 1986 ni baba yìí wọ girama. Ojoojúmọ́ ló ń gba ẹ̀gbẹ́ irú àwọn àpótí onígi bẹ́ẹ̀ kọjá, tó máa ń fojú yọ́ wo àlàfo ara wọn. Ọdún mẹ́ta gbáko, ẹnikẹ́ni ò ṣí wọn. Nígbà tówó ilé-ìwé di wàhálà, ó lọ kọ́ṣẹ́ rédíò ní Ìlaròó. Polí tí ìjọba dá sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1979, ẹnu géètì ló máa ń gbà kọjá.

Oṣù kan lẹ́yìn ẹgba yẹn, àbúrò ìyá ọmọ náà ti Èkó dé, ó gbé páálí kékeré kan lé e lọ́wọ́. Bátìrì fóòtì 9 wà níbẹ̀, àti wáyà, súwìṣì, risístọ̀, iná bíńtín mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní LED, pẹ̀lú pátákó oníhò wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń ki ẹsẹ̀ wọn bọ̀ láìjó òjé. Ohun ìṣeré ni, ẹ̀kọ́ sì ni. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1963 ni Philips ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú ẹ̀ fáwọn ọmọ òyìnbó. Lọ́dún 2012, àwọn ará Ìlú Ọba gbé kọ̀ǹpútà kékeré tó ń jẹ́ Raspberry Pi jáde fún irú iṣẹ́ yìí kan náà, dọ́là 35 péré.

Ọmọ ò dúró kàwé inú páálí. Ó so iná mọ́ bátìrì tààrà. Ó ṣẹ́jú pàá, ó kú. Ìkejì kú, ìkẹta náà kú. Ni ọmọ bá bú sẹ́kún. Baba ẹ̀ tó ti ń ṣe bí ẹni tí ò wò ó látàárọ̀ wá là á lóhùn pé:

"Ta ló ní kó o fún un lóúnjẹ báyẹn? Risístọ̀ ńkọ́?"

"Bàbá mi, ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọ̀ ara risístọ̀ bí ẹni ń ka oríkì: dúdú, òdo, búráùn, ọ̀kan, pupa, méjì, àwọ̀ ọsàn, mẹ́ta, yẹ́lò, mẹ́rin, àwọ̀ ewé, márùn-ún, títí dé funfun, mẹ́sàn-án. Ó ní fóòtì 9 ni bátìrì ní, nǹkan bíi 2 péré nikùn iná náà ń gbà, risístọ̀ ló máa gba 7 tó kù. Ó ṣa èyí tó ní yẹ́lò, fáyọ́lẹ́ẹ̀tì àti búráùn, ìyẹn 470. Ó ní kí ọmọ kọjú ẹsẹ̀ iná tó gùn sí orí bátìrì tó ní àmì àròpọ̀. Ọmọ ṣe bẹ́ẹ̀. Iná tàn, kò kú. NEPA ò sí níná lálẹ́ ọjọ́ náà, iná bíńtín yẹn nìkan ló ń tàn sí ojú àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó ń tú nǹkan kì í ṣe bàsèjẹ́. Kelvin Doe ní Freetown, orí ààtàn ló ti ń ṣa ẹ̀rọ tó kú, tó fi ṣe bátìrì àti rédíò tó ń gbóhùn sáfẹ́fẹ́ ládùúgbò. Lọ́dún 2012, MIT ní Amẹ́ríkà ránṣẹ́ pè é, kò sì tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ wọn o. Bátìrì páálí nìkan ni kí wọ́n fi ṣeré, kí wọ́n má fọwọ́ kan iná ara ògiri láé. Bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì sì rèé, ẹ gbé e jìnnà sáwọn kékeré. Bí ọmọ bá gbé e mì, láàárín wákàtí méjì, ó lè ti jó o lọ́fun.

Ní báyìí, gbogbo Sátidé ni baba náà ń tú òkú rédíò ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, tó ń yọ risístọ̀ inú wọn sínú agolo mílíìkì fún ọmọ ẹ̀ àtàwọn ọmọ ará ilé. Rédíò tiẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ padà, iná pupa iwájú ẹ̀ nìkan ni ò tíì sí níbẹ̀. Wọ́n ní kó fi òmíràn sí i, ó ní rárá, ẹni tó yọ ọ́ ló máa dá a padà.