Ìfẹ́ Sàró àti Arólákẹ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a fẹ́ ni a mọ̀, a kò mọ ẹni tí ó fẹ́ni. Òwe yìí ni ó yẹ kí ènìyàn fi sọ́kàn bí ó bá jókòó láti wo Aníkúlápó, fíìmù Kúnlé Afọláyan tí Ṣọlá Dada kọ ìtàn rẹ̀, tí Netflix sì gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Ìtàn náà wọ àwọn òǹwòran lára débi pé a fi eré alápá-púpọ̀ tẹ̀lé e ní ọdún 2024. Síbẹ̀, ìbéèrè kan kò tíì tán nílẹ̀: ǹjẹ́ ìfẹ́ tí ó wà láàrin Sàró ahunṣọ àti Arólákẹ́ ayaba ṣe é gbà gbọ́?

Ní ilé olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, ìbéèrè yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọbìnrin rẹ̀, àbígbẹ̀yìn tí ó ń múra ìgbéyàwó, ni ó fi fíìmù náà sí orí amóhùnmáwòrán. Eré kò tíì dé ìdajì tí ọmọ fi mi orí.

“Ìyá mi, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kánjú! Ìgbà wo ni àwọn méjèèjì tilẹ̀ rí ara wọn sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ayaba yóò fi fi ààfin sílẹ̀ tẹ̀lé àlejò?”

Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Fíìmù náà gùn ju wákàtí méjì lọ, ṣùgbọ́n ibi tí ó yẹ kí ó ti rọra tẹ̀ ni ó ti sáré. Ẹwà Kúnlé Rẹ̀mí àti ojú Bímbọ́ Adémóyè ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe. Òǹwòran rí i pé wọ́n wu ara wọn. Kò rí bí ìwúni ṣe di ìfẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá rí yàtọ̀. Ó rí ọmọdébìnrin tí a fi fún àgbàlagbà ọba, tí àwọn ìyáálé ń fi ojú pọ́n lójoojúmọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní àyè láti fẹ́ni díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe Sàró nìkan ni Arólákẹ́ ń wò. Ọ̀nà àbájáde ni ó ń wò pẹ̀lú. Ẹni tí iná ilé ká mọ́ kì í dúró yẹ ilẹ̀kùn wò bóyá ó dára.

Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ohun tí ìfẹ́ náà ná Arólákẹ́ ni a fi hàn. Ó fi ipò ayaba sílẹ̀, ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Nígbà tí a pa Sàró jù sínú igbó, tí ẹyẹ àkàlà wá bá a, Arólákẹ́ ni ó gba àdó tí ń jí òkú lọ́wọ́ ẹyẹ náà. Kí ni Sàró san? Ó gba orúkọ, ó gba ọlá, ó ń fẹ́ ìyàwó lé ìyàwó. Nígbà tí ọmọ ọba kú, ó ní àfi kí wọ́n fún òun ní ọmọbìnrin ọba kí òun tó jí i. Àdó kò jẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí ọwọ́ Arólákẹ́ ti kàn án.

“Ẹ ò rí i? Kò fẹ́ ẹ rárá,” ni ọmọ wí. “Irọ́ ni ìfẹ́ náà.”

“Irọ́ Sàró ni, kì í ṣe irọ́ eré,” ni ìyá dáhùn. “Kí ó tó mọ Arólákẹ́, ta ni ó gbà á sílé ní Ọ̀yọ́? Obìnrin olówó. Ó jẹun tán, ó kẹ̀yìn sí i. Wọ́n ti fi ìwà rẹ̀ hàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwa ni a ń wo ẹwà.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí ọmọ náà kò gbọ́ rí: pé ní ọdún 1981, òun yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ láti rán ọkọ àárọ̀ òun lọ sí òkè òkun. Lẹ́tà mẹ́rin ni ó dé. Ìkarùn-ún kò dé. Ọdún mẹ́ta ni òun fi san gbèsè náà tán.

Ọmọ náà kò lè wo ojú ìyá rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ó fẹ́ gba owó alájẹṣẹ́kù tirẹ̀ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tí ó ń lọ sí Kánádà.

Ìyá kò ní kó má fún un. Ó kàn ní ìfẹ́ Arólákẹ́ kì í ṣe irọ́ nítorí pé a kò san án padà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i ni pé kò bi Sàró ní ìbéèrè kan ṣoṣo kí ó tó gbé àdó lé e lọ́wọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà pe àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Kò sọ pé owó kò sí. Ó béèrè ohun tí òun náà yóò fi sílẹ̀ kí ó tó lọ, ó sì dúró de èsì.