Kẹ̀kẹ́ Méjì, Àgọ́ Kan: Láti Iléṣà dé Òkè Ìdànrè

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Iléṣà lọ sí ilẹ̀ Èkìtì lè má mọ̀ pé òkè ni òun ń gùn. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń bá a gùn ún, òun a sì ti sùn lọ kí ọkọ̀ tó dé orí òkè. Èmi náà ti sùn kọjá lójú ọ̀nà yẹn láìmọye ìgbà nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi gbé kẹ̀kẹ́ ológeere dé ibẹ̀ ní ìparí oṣù Kọkànlá, tí òjò ti dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ kò sì tíì le, ẹsẹ̀ mi ni ó wá fi ilẹ̀ náà hàn mí.

Ìyá ọkọ mi kò fẹ́ ìrìn àjò yìí rárá. Wọ́n kọ́kọ́ bi wá bóyá owó ọkọ̀ ni a kò ní. Ẹ kò lè dá wọn lẹ́bi: láyé àwọn bàbá wa àgbà, ẹni tó bá ní Raleigh, ènìyàn pàtàkì ni lábúlé, ṣùgbọ́n lónìí, bí àgbàlagbà bá gun kẹ̀kẹ́ jáde, òṣì ni aráyé máa kà á sí. Ọ̀rọ̀ kejì ni ó wúwo jù lọ́kàn wọn. Ọdún kejì ìgbéyàwó wa nìyí, wọn kò tíì gbé ọmọ-ọmọ, wọ́n sì gbà pé ìjókòó kẹ̀kẹ́ yóò ba ilé ọmọ mi jẹ́. Mo bi dókítà obìnrin kan léèrè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa gun kẹ̀kẹ́ mi lọ. Màmá gbọ́, wọn kò sọ pé ó dáa, wọn kò sì sọ pé kò dáa. Kúlíkúlí ọ̀rá ńlá kan ni wọ́n gbé fún wa.

A di àgọ́ kékeré kan, ẹní méjì, túúbù mẹ́rin, pọ́ọ̀ǹpù, lẹ́ẹ̀mọ́ àti gàrí. Ṣùgbọ́n a kò pa àgọ́ sínú igbó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn mọ ohun tí ojú arìnrìn-àjò ń rí lọ́wọ́ ajínigbé lójú ọ̀nà Èkìtì àti Oǹdó, kò sì sí ẹwà òkè tó tó ohun tí a lè fi ẹ̀mí wa dán wò. Òfin wa ni pé nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù, ìlú ni kí ó bá wa. A ó béèrè ilé baálẹ̀ tàbí ti olóyè tó súnmọ́ wa jù, a ó dọ̀bálẹ̀, a ó kúnlẹ̀, a ó sọ orúkọ wa àti ibi tí a ti ń bọ̀. Wọn a fún wa láyè lẹ́yìn ilé, tàbí nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọdé a yí àgọ́ náà ká, wọn a máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, títí àwọn ìyá wọn yóò fi pè wọ́n wọlé. Àgọ́ inú fọ́tò àwọn òyìnbó, tí ó máa ń dá wà létí omi, kò jọ tiwa rárá.

Ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà a gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, a lọ wo omi Olúmirìn. Ìpele méje ni omi náà ní. A dúró ní ìkejì nítorí iṣẹ́ gidi ṣì wà níwájú.

Iṣẹ́ náà ni òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Òkè ibẹ̀ kì í ṣe àpáta kan ṣoṣo tó dá dúró. Ó gùn lọ bí ẹ̀yìn ẹranko tó sùn, bí o bá sì rò pé o ti dé òpin rẹ̀, òmíràn a yọjú. Níbẹ̀ ni mo ti lóye ìdí tí Ogun Kírìjì, tí wọ́n jà láàárín irú òkè báyìí ní ìtòsí ibẹ̀, fi lè pẹ́ láti 1877 títí di 1893. Ta ni yóò lé ta kúrò?

Ọkọ mi lágbára ẹsẹ̀ jù mí lọ. Ó ṣíwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ń kéré sí i lójú mi títí ó fi ṣẹ́ kọ́nà. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni pé ó fẹ́ gba aṣọ lára mi. Nígbà tí mo dé òkè, ó ti jókòó, ó ti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán. Ó ní, "Mo ti ń retí rẹ o." Bí mo ṣe dé ni ó dìde, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi wo ìṣirò yìí: ẹni tó yára ti sinmi, ẹni tó rẹ̀ kò sì rí ìsinmi kankan, nítorí dídé rẹ̀ ni àmì pé ó tó àkókò láti tún gbéra. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún mo jókòó sójú ọ̀nà, mo sọ fún un pé kí ó máa lọ, èmi yóò wọ mọ́tò padà sí Iléṣà. Òótọ́ inú mi ni mo sọ. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní ṣé kí òun máa rìn bí ìgbín ni? Lẹ́yìn náà a kò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi wọ Ẹ̀fọ̀n.

Ìlú náà jókòó sáàárín òkè, òtútù rẹ̀ sì mú wa lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn èrò ìsìn pọ̀ níbẹ̀, nítorí ibojì Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó kú ní 1959, wà ní Ẹ̀fọ̀n. Ẹ̀yìn ilé ìyá arúgbó kan ni a pàgọ́ sí. Wọ́n gbé iyán fún wa, wọ́n sì rí i pé àwo kan náà ni a ti ń jẹun láìwo ojú ara wa. Wọ́n bèèrè pé, "Ta ló ń ṣíwájú nínú yín?" Ọkọ mi dáhùn pé òun ni. Wọ́n ní, "Ẹn-hẹ́n. Nígbà tí èmi àti bàbá wọn ń lọ sóko, ẹni tó ru ẹrù tó wúwo ló ń ṣíwájú. Bí ó bá wà lẹ́yìn, ta ni yóò mọ̀ bí ẹrù bá já?" Wọ́n kó àwo lọ.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ni mo ń ṣíwájú. Ọkọ mi kùn díẹ̀, nítorí ó ṣòro fún ẹni tó yára láti rọra gun òkè. Ẹsẹ̀ á máa yún un. Nígbà tí ó di ọ̀sán, mo gbọ́ tí ó ń kọrin lẹ́yìn mi.

Ní Ìkọ́gòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń sun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì pàdé. A ki ẹsẹ̀ bọ èyí tó gbóná, iṣan wa dẹ̀. Ẹni tó mú wa rìn fi omi méjì náà ṣe àkàwé lọ́kọláya. A wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín. Omi kò gun Ẹ̀fọ̀n.

Igbárá-Odò, Igbárá-Òkè, Àkúrẹ́: a kọjá láìpẹ́, nítorí ọ̀nà ń rọ̀ ní ibi púpọ̀, àyàfi pé bíréèkì gbóná débi tí a fi ń dúró kí ó tutù.

Òkè ti Ìdànrè yàtọ̀. Àpáta pípá ni, ó nà ró láàárín igbó, ìlú sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Orí rẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé títí di 1923 kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí wọ́n wà nísinsìnyí. Ààfin àtijọ́ Ọwá ṣì wà lókè, ilé ẹjọ́ àtijọ́ náà wà níbẹ̀, àti ojú ẹsẹ̀ Agboogun, tí wọ́n ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn mu. Ó bá tèmi mu, ó sì bá ti ọkọ mi mu, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà bàtà rẹ̀ fi márùn-ún ju tèmi lọ.

A ti fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta ọsàn nísàlẹ̀. Àtẹ̀gùn tó gun òkè náà ju 600 lọ. Onírúurú iye ni àwọn ènìyàn ń pè é, nítorí náà a pinnu láti fúnra wa kà á, èmi níwájú, òun lẹ́yìn. Nígbà tí a dé òkè, iye tèmi àti iye tirẹ̀ kò dọ́gba. Kò sí ẹni tó gbà fún ẹnìkejì. A mu omi, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ láti tún un kà.