Kéèkì Ọlọ́sàn: Àkíyèsí Láti Ilé Ìdáná

Ẹ wo ilẹ̀ nígbà tí ìyá ọlọ́sàn bá ń bó ọjà wọn fún oníbàárà. Èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń já bọ́ yẹn ni òórùn ọsàn wà. Àwọn àmì tóótòòtó tó wà lára rẹ̀, òróró ló kún inú wọn. Ẹ fún èèpo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná àbẹ́là, ẹ ó rí i bí òróró ṣe ń gbiná pàrà. Omi inú ọsàn dùn mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kì í lágbára mọ́ tí kéèkì bá fi máa jinná. Òróró èèpo ní tirẹ̀ máa ń wọnú bọ́tà, bọ́tà á sì dì í mú.

*

Tí mo bá ní kí wọ́n má bó tèmi, ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, “Ṣé àgbo lẹ fẹ́ fi sè?”

“Rárá mà, kéèkì ni.”

Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn tí awọ wọn ń dán fún mi.

*

Lẹ́mọ́ọ̀nù ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe irú kéèkì yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdí nìyẹn tí àwọn kan nílé fi ń rò pé kò ṣeé ṣe láìsí èso tó pọ́n ròrò. Ọsàn tiwa lè gbó, kó dùn dénú, kí awọ rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé. Òtútù òru ló ń mú kí àwọ̀ ewé kúrò lára ọsàn, òru ilẹ̀ wa kì í sì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi àwọ̀ dá a lẹ́jọ́. Kóró inú rẹ̀ ló pọ̀. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ omi rẹ̀, ó parí.

*

Bọ́tà 225 gíráàmù, ṣúgà 225, fùláwà 225, ẹyin ńlá 4, ṣíbí tíì 2 baking powder, iyọ̀ díẹ̀, èèpo ọsàn 2. Irin tí a fi ń rin ilá ṣeé fi rin èèpo náà, lójú tó kéré jù. Ẹ fọ ọsàn mọ́ kí ẹ tó rin ín, ẹ sì yí i síbòmíràn ní kété tí funfun bá yọ, torí funfun yẹn korò. Lẹ́yìn náà, ohun tí mi ò lè fò nìyí: ẹ fi ìka ra èèpo náà mọ́ ṣúgà, kí bọ́tà tó dé ibẹ̀. Ṣúgà á rin díẹ̀, òórùn á sì gba gbogbo ilé.

*

Ìwé ìdáná á ní kí bọ́tà rọ̀ nínú yàrá. Yàrá ta ni? Nǹkan bí 20°C ni bọ́tà ń fẹ́, ọ̀sán oṣù kẹta ní Èkó sì ń kọjá 30°C. Bọ́tà tó ti yọ́ kò lè gba afẹ́fẹ́ dúró, afẹ́fẹ́ yẹn ló sì ń mú kéèkì fúyẹ́. Ìdájí ni mo fi ń po tèmi.

*

Lẹ́yìn bọ́tà àti ṣúgà, ẹyin àti fùláwà ló kàn, kí gbogbo rẹ̀ tó wọ páànù búrẹ́dì: 170°C, bíi wákàtí kan. Ẹ fi igi ìtayín gún àárín rẹ̀. Tó bá jáde ní gbígbẹ, ó ti jinná. Ilé tí kò ní ófùn ń lo ìkòkò ńlá, yanrìn gbígbẹ nísàlẹ̀, ìdérí tó wúwo, iná tó rọra ń jó.

*

Orí rẹ̀ máa ń là. Òkè ti le tán, àárín ṣì ń wú, ló bá fọ́ ọ jáde. Kì í ṣe àbùkù. Ojú ibẹ̀ ni omi ọsàn máa gbà wọlé.

*

Omi ṣúgà méjì ló wà, àkókò wọn ò sì papọ̀. Èkíní, omi ọsàn àti ṣúgà lásán, a máa ń dà á sí kéèkì nígbà tó ṣì gbóná, kí ó lè mu ún. Èkejì ni ṣúgà lẹ́búlẹ́bú, 150 gíráàmù sí nǹkan bí ṣíbí ìjẹun 2 omi ọsàn, tí a pò kó ki. Ìyẹn gbọ́dọ̀ dúró kí kéèkì tutù pátápátá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yíyọ́ ló máa yọ́ dà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní lórí èkejì yìí kò kéré. Ọsàn wa dùn jù, kò kan tó. Tí ẹ bá fi omi rẹ̀ nìkan po ṣúgà, adùn lórí adùn ni, á sú ẹnu lẹ́yìn ègé kan. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí i. Kíkan yẹn ló ń jẹ́ kí ẹnu mọ̀ pé ọsàn lòun ń jẹ. Láìsí i, ṣúgà nìkan lẹ fi bo kéèkì yín.

*

Ọjọ́ kejì ló dùn jù. Ẹ wé e kó má gbẹ, kí òórùn lè kárí inú rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan nínú ooru wa, ẹ gbé ìyókù sí fíríìjì.