*Kí a tó wá ẹni tó ń ṣe wá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn àpótí tí a jókòó lé*

Ọ̀rọ̀ ìlera tòní dá lórí ẹ̀yìn àti ìbàdí. Ó gùn díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á, tàbí kí ẹ ní kí ọmọ kan kà á sí yín létí.

Níbi ìpàdé àwọn obìnrin tí mo bá wọn ṣe ní Amukoko lóṣù tó kọjá, mo ní kí ẹni tí ìbàdí ń ro nawọ́ sókè. Àwọn tí kò nawọ́ kò ju mẹ́rin lọ. Mo wá bèèrè ohun tí wọ́n rò pé ó fà á. Ẹnì kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Òmíràn ní abiyamọ ni, pé ọmọ méje kì í ṣe ọmọ kan. Ìyá àgbà kan ní ọjọ́ ogbó ló dé. Ẹnì kan tó jókòó lẹ́yìn wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọwọ́ ayé ni." Ọ̀pọ̀ nínú wọn mi orí. Kò sí ẹnì kankan tó dárúkọ àpótí.

Mi ò rẹ́rìn-ín, nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ nílé wa rí.

Alákàrà ni ìyá mi. Iwájú ilé kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ tí a ń gbé ní Amukoko níhìn-ín ló ti ń dín in. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èmi ti gbé ẹ̀wà bíbó lọ sí ibi ẹ̀rọ ìlọta. Tó bá fi máa di aago mẹ́fà, epo ti gbóná, àwọn tó ń lọ sí wáàfù Àpápá àtàwọn awakọ̀ tírélà tó ń lọ sí Tin Can ti ń tò. Orí àpótí kékeré kan ni ìyá mi máa ń jókòó sí. Á tẹ̀ síwájú, á na apá kọjá ẹnu agbada, á da àkàrà, á yí i, á kó o. Wákàtí mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́ta nírọ̀lẹ́.

Mo wà ní ilé-ìwé girama nígbà tí ìbàdí náà bẹ̀rẹ̀. Ó dé ibi pé ó ní láti di ilẹ̀kùn mú kó tó lè nàró. A ra agbo jẹ̀díjẹ̀dí títí, kò lọ. Nígbà tó yá, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ní òun ń ríran. Ẹni náà ní obìnrin dúdú kan tó ń bá wa gbé inú ilé ló fi okùn dè é ní ìbàdí, torí pé ọjà rẹ̀ ń tà. Obìnrin dúdú tó ń tajà nínú ilé wa kò ju ẹyọ kan lọ: ìyá ẹlẹ́kọ, tó jẹ́ pé ẹ̀kọ tirẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń jẹ àkàrà ìyá mi.

Láti ọjọ́ náà, wọn kò kí ara wọn mọ́. A kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pé ọdún kan tó fi kó kúrò. Ìyá ẹlẹ́kọ yìí ló pọ̀n mí lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí ibà kì mí mọ́lẹ̀ tí ìyá mi kò sí nílé. Mo mọ èyí, mi ò sì sọ nǹkan kan. Ọmọdé ni mí.

*Iṣẹ́ tí mo lọ kọ́*

Mo wọ Yunifásítì Ìbàdàn, mo kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà tí wọ́n ń pè ní Industrial and Production Engineering. Ìyá mi máa ń sọ fún ará àdúgbò pé ọmọ òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ wa ni láti wo bí ènìyàn, ẹ̀rọ, ohun èlò àti àkókò ṣe ń bára wọn ṣiṣẹ́, kí agbára má ṣòfò, kí òṣìṣẹ́ má sì fara pa. Apá tí mo yàn nínú rẹ̀ ni ergonomics. Inú èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti jáde, ọ̀mọ̀wé ará Poland kan, Wojciech Jastrzębowski, ló sì kọ́kọ́ lò ó ní 1857. Gbólóhùn kan ló dúró lé lónìí: iṣẹ́ ni kí a mú bá ara mu, kí a má tẹ ara bá iṣẹ́.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Ní Amẹ́ríkà, Frank Gilbreth, tó fi iṣẹ́ bíríkìlà bẹ̀rẹ̀, ṣàkíyèsí pé gbogbo ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ mú bíríkì kan, ó ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ṣe ohun ìdúró tó ń gbé bíríkì sókè dé ìwọ̀n ọwọ́, ó sì dín ìṣípòpadà ọwọ́ kù. Bíríkì 120 tí ẹnì kan ń tò ní wákàtí kan di 350. Ìyàwó rẹ̀, Lillian, náà jẹ́ ẹnjiníà, ó sì bí ọmọ 12. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní 1924, ó gbé ìmọ̀ náà wọ ilé ìdáná. Ó ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin bí ó ṣe yẹ kí tábìlì ìdáná ga tó. Abiyamọ bíi tiwa ni, ó mọ ohun tí ẹ̀yìn obìnrin ń rí.

Lẹ́yìn ìwé, mo ṣe ìwádìí ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkejà. Àwọn obìnrin tó ń di ọjà sínú páálí ń tẹ̀ sórí tábìlì tó rẹlẹ̀ jù. Mo fi téèpù wọ̀n wọ́n láti ilẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, a sì gbé tábìlì sókè. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn tó ń lọ bá nọ́ọ̀sì nítorí ẹ̀yìn ríro dín kù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ju téèpù sínú báàgì, mo wá kí ìyá mi ní Amukoko. Mo bá a lórí àpótí yẹn.

Ojú tì mí. Mo ti ń wọn àwọn ọmọ ọlọ́mọ kiri Ìkejà, mi ò wọn ìyá tó fi àkàrà rán mi ní ìwé. Mo yọ téèpù. Àpótí náà ga ní sẹ̀ǹtímítà 19. Láti ilẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún ìyá mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 41. Ìjókòó tí ara rẹ̀ ń fẹ́ ju ìlọ́po méjì èyí tó ń lò lọ. Ọdún 26 ló fi ká ara rẹ̀ mọ́ ibẹ̀.

*Ohun tí àpótí ń ṣe fún ẹ̀yìn*

Láàárín egungun ẹ̀yìn wa, àwọn tìmùtìmù kéékèèké wà tí kì í jẹ́ kí egungun ha egungun. Bí a bá jókòó sílẹ̀ jù, tí orúnkún wá ga ju ìbàdí lọ, ẹ̀yìn á tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, tìmùtìmù á sì fún pọ̀ níwájú. Alf Nachemson, dókítà egungun ará Sweden, ti abẹ́rẹ́ bọ inú tìmùtìmù yìí lára ènìyàn, ó fi wọn agbára tó ń tẹ̀ ẹ́. Ó rí i pé nígbà tí ènìyàn bá jókòó tó sì tẹ̀ síwájú, ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ ju ti ìgbà tó dúró gbọọrọ lọ. Iṣan tó di ẹ̀yìn mú náà kò ní ráyè sinmi. Ọjọ́ kan kì í ṣe nǹkan. Ojoojúmọ́ fún ọdún 26 ló ń di ohun tí a ń wá onídán rẹ̀ kiri.

Jẹ̀díjẹ̀dí wà lóòótọ́, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìbàdí tó ń ro kọ́ ni jẹ̀díjẹ̀dí.

Mo sọ fún ìyá mi pé a máa gbé àdògán sókè. Ó kọ̀. Ó ní, "Àdùkẹ́, tí mo bá lọ jókòó sókè bí ọ̀gá báńkì, oníbàárà wo ló máa dúró tì mí?"

Mo ní, "Ẹ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, mà. Tí kò bá dáa, ẹ padà sórí àpótí yín."

Bíríkìlà àdúgbò fi búlọ́ọ̀kù mọ àdògán sókè, ó jẹ́ kó fẹ̀ nídìí kí agbada má lè yẹ̀, torí epo gbígbóná kì í báni ṣeré. Kápẹ́ńtà kan ìjókòó tó bá orúnkún rẹ̀ mu, tó sì ní ibi ìfẹ̀yìntì. Ẹnu agbada wá rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Abọ́ ẹ̀wà lílọ̀ kúrò nílẹ̀, ó bọ́ sórí tábìlì lọ́wọ́ ọ̀tún.

Irọ́ ni màá pa bí mo bá ní ó san lọ́jọ́ kejì. Ohun tó ti jẹ fún ọdún 26 kì í padà tán. Ìgbà òtútù ṣì máa ń rán an létí. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, kò di ilẹ̀kùn mú mọ́ kó tó nàró. Oògùn ìrora tó ń lò lójoojúmọ́ di ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré, torí ọ̀pọ̀ oògùn ìrora tí a ń lò léraléra láìsí àṣẹ dókítà lè dá egbò sínú ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń da àkàrà lọ, ó dédé dáwọ́ dúró. Ó ní, "Ṣé àpótí ni?"

Mo ní, "Àpótí ni, mà."

Ó ní, "Ìyá ẹlẹ́kọ wá ńkọ́?"

Mi ò ní èsì. A wá a lọ sí Ajégúnlẹ̀, lágbègbè Boundary tí wọ́n ní ó kó lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin la bá. Ìyá ẹlẹ́kọ ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí òun bí àgbà rẹ̀. Ọmọ náà gbé e dìde. Kò bínú. Ó kàn ní, "Ẹ dìde, mà. Màámi ò mọ ohun tí wọ́n ṣe fún yín títí wọ́n fi lọ."

Ìyá mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí sí yín. Ìbàdí tó ń ro ṣeé tọ́jú. Ọ̀rẹ́ tí a bà jẹ́ nítorí ìbàdí kì í sábà ṣeé tún ṣe.

*Ohun tí a lè ṣe láti ọ̀la*

*1. Ìjókòó.* Ẹ wọ̀n láti ilẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún yín. Bí ìjókòó yín ṣe yẹ kó ga tó nìyẹn. Kí àtẹ́lẹsẹ̀ kanlẹ̀, kí orúnkún àti ìbàdí dọ́gba. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ gbé ìjókòó yín sún mọ́ ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí iná tàn sórí aṣọ kí ọrùn má baà máa tẹ̀ wá a.

*2. Ìga iṣẹ́.* Iṣẹ́ tí kò gba agbára, bíi ẹ̀fọ́ gígé, kó wà ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀. Èyí tó gba agbára, bíi aṣọ fífọ̀, lè rẹlẹ̀ sí i ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ẹ gbé abọ́ ìfọṣọ kúrò nílẹ̀, ẹ gbé e lé bẹ́ńṣì.

*3. Ẹrù.* NIOSH, ilé ìwádìí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní kí ẹrù tí ènìyàn ń fi ọwọ́ gbé má ju kìlógíráàmù 23 lọ, ìyẹn nígbà tí ohun gbogbo bá rọrùn. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 50. Ẹ bù ú sí mẹ́ta, tàbí kí ẹ pe ènìyàn kún un. Ẹ tẹ orúnkún, ẹ fi ẹrù mọ́ àyà, ẹ má yí ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́.

Ní ti ẹrù orí, ìwádìí kan tó jáde ní 1986 fi hàn pé àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kenya lè ru ẹrù tó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn láìlo agbára ju ti ẹni tó ń rìn lọ́wọ́ òfo. Àwọn ìyá wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe! Ṣùgbọ́n fún ẹni tó wọ̀n 60, ìdá kan nínú márùn-ún kò ju 12 lọ. Ìwádìí míràn tó jáde ní 1997, tí wọ́n ṣe ní Freetown, rí i pé egungun ọrùn àwọn tó ń ru ẹrù sórí máa ń jẹ ju ti àwọn tí kì í rù lọ.

*4. Ìsinmi.* Ẹ má jókòó kọjá ìdajì wákàtí láìdìde. Ìṣẹ́jú méjì tó láti na ẹ̀yìn.

*5. Àwọn ọmọ yín tó ń ṣiṣẹ́ oṣù.* Òfin Employee's Compensation Act ti 2010, tí NSITF ń bójú tó, fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó ìrànwọ́. Kí wọ́n tètè sọ ọ́, kí wọ́n sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ti àwa tí a ń ṣiṣẹ́ níwájú ilé, kò sí ẹni tó ń wá wọn àpótí wa. Àwa fúnra wa ni ká wọ̀n ọ́n.

*Ẹ má dúró nílé o:* bí ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí tó rọ, bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kò bá ṣeé dá dúró mọ́, bí abẹ́ kò bá mọ ìfọwọ́kàn mọ́, bí ìrora bá tẹ̀lé ìṣubú, tàbí tó bá wá pẹ̀lú ibà tàbí rírù, ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ọsibítù ìjọba wà ní Ajéròmi, ti egungun sì wà ní Ìgbóbì. Ẹ bèèrè àwọn tó ń ṣe fisiotẹ́rápì.

Lónìí, kí ẹ tó sùn, ẹ gbé téèpù télọ̀, ẹ wọn ohun tí ẹ ń jókòó lé. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá wúlò fún yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Bí ẹnì kan bá sì wà tí ẹ kò kí mọ́ nítorí àìsàn kan, ẹ pè é lórí fóònù lónìí.

Ẹ̀yìn wa yóò dára o. Àṣẹ.