Ta Ló Pa Béárì? Ìrìnàjò Mọ́tò Onílé ní Yellowstone

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mọ́tò wà tó ní ibùsùn àti sítóòfù nínú. Irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà fi ń lọ wo ẹranko ní Yellowstone, igbó ọba tí ìjọba wọn dá sílẹ̀ lọ́dún 1872. Oṣù kẹrin ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí títì rẹ̀. Tó bá di oṣù kọkànlá, òjò dídì á ti ọ̀pọ̀ rẹ̀ pa.

Ẹfọ̀n ibẹ̀ lọ̀gá títì. Akọ rẹ̀ lè wọ̀n tó kìlò 900. Ẹ̀yin bíríkìlà, àpò sìmẹ́ńtì 18 nìyẹn! Ó ń jẹko jẹ́jẹ́, àlejò á rò pé ẹran ọ̀sìn ni, á sọ̀ kalẹ̀ lọ ya fọ́tò. Háà! Eré rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta eré èèyàn. Òun ló ṣe èèyàn léṣe jù nínú ẹranko ibẹ̀. Òfin ní ká fi ọ̀pá 25 jìnnà sí i. Ẹ̀yin aláṣọ, ẹ mọ bó ṣe gùn tó. Ti ìkookò àti béárì, irú èyí tí Dáfídì bá jà, ọ̀pá 100 ni.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ ò gbọdọ̀ fi ìkòkò sílẹ̀ níta, ì báà ti mọ́. Ní ibùdó mọ́tò onílé tó wà ní Fishing Bridge, wọn ò gba àgọ́ aláṣọ rárá, nítorí béárì. Béárì tó bá tọ́ oúnjẹ èèyàn wò á máa wá a kiri. Bó bá di eléwu, àwọn aláṣẹ lè pa á. Ẹni tó ju búrẹ́dì sí i ti wa mọ́tò rẹ̀ lọ sílé. Ta ló wá pa béárì? Ẹ kọ̀wé sí wa.