Orin Aṣa ní Ilé Àbúrò Mi ní Ọ̀tà

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tó bá ti dé Sángò-Ọ̀tà rí yóò jẹ́ mi lẹ́rìí pé ìlú ariwo ni. Láti abẹ́ bíríìjì títí dé ọ̀nà Ìdìròkó, fèrè tírélà àti ìró ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni àbúrò mi obìnrin ń gbé, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ kó ẹrù jáde nílé, òun ni mo ṣe lọ bá a.

Inú òkùnkùn ni mo bá a tó ń gbọ́ Lucid, àwo orin tí Aṣa, ìyẹn Bùkọ́lá Elemide, gbé jáde ní 2019, ọdún márùn-ún lẹ́yìn Bed of Stone. Mo ní, "Pa á jàre! Ṣé ẹkún tí o sun kò tó ni?"

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ ná."

Mo bá jókòó. Èdè òyìnbó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún èmi tó fẹ́ràn Ẹyẹ Àdàbà rẹ̀ ti 2007. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó dàrú ló pọ̀ níbẹ̀. Nínú Murder in the USA, ìfẹ́ tilẹ̀ di ìpànìyàn. Ẹ̀rù bà mí, mo wo ojú àbúrò mi. Ṣùgbọ́n Aṣa kò lọgun. Ohùn rẹ̀ rọ̀, bí ẹni tó ti sunkún tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ fèrè tírélà mọ́.

Kí àwo náà tó parí, àbúrò mi dìde, ó tan iná, ó ní ebi ń pa òun. Mo sáré jáde lọ ra ẹ̀wà.